Bí mo ṣe tún Àǹtí Ṣadé ṣe: Barbie kan tó ti wà nílẹ̀ láti 1991

Inú àpótí irin màámi ni mo ti bá a, lábẹ́ àwọn aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣe ìyàwó, ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2025. Náílọ́nù búrẹ́dì ni wọ́n fi wé e. Orí wà lọ́tọ̀, ara wà lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ òsì náà wà láàyè tirẹ̀. Mo bi màámi pé kí ló dé tí wọn ò tíì jù ú nù láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní, "Nǹkan tó lójú tó nímú, ṣé a kàn máa ń gbé e jù sórí ààtàn ni?"

Mo kọ èyí sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní irú ẹ̀ nílé, tó ń wá bó ṣe máa tún un ṣe láì ránṣẹ́ sí òkè òkun. Gbogbo ohun tí mo lò, Ìbàdàn níbí ni mo ti rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà mí. Ọjọ́ márùn-ún ló yẹ kó gbà. Àṣìṣe ló jẹ ìyókù.

Ohun tí mo bá nílẹ̀

Sẹ̀ǹtímítà 29 ni gíga ẹ̀, tó bá ṣì lórí lọ́rùn. Ike líle ni àyà àti ikùn ẹ̀, àmọ́ rọ́bà ni orí àti ẹsẹ̀. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn. Èmi gbàgbé ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ojú mi sì rí i.

Wọ́n tẹ Mattel (ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Barbie), 1966 àti Malaysia sí ìdí ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, 1966 yẹn ni mo fi ń halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, pé bèbí mi gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn. Irọ́ ni mo ń pa, mi ò kàn mọ̀ ni. Ọdún tí wọ́n forúkọ irú ara yẹn, èyí tí ìbàdí ẹ̀ ń yí, sílẹ̀ ni 1966. Nígbà tí mo yí etí ọrùn síta, mo bá 1976 nínú orí. Ìyẹn náà, ọdún tí wọ́n ya irú ojú yẹn ni. Bèbí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà náà dáadáa ṣì ń gbé ọdún méjèèjì kiri. Tiwa, àbúrò màámi ló mú un bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní Kérésìmesì 1991. Ọmọ ọdún méje ni mí, àbúrò mi jẹ́ márùn-ún. Àwa méjèèjì ló fún, ibẹ̀ sì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ a tún rí bèbí mìíràn, Sindy kan, gbà lọ́wọ́ àǹtí kan náà, a sì ra méjì tí ò lápá lọ́wọ́ ìyá olókìríkà kan ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí Ṣadé ni olórí wọn.

Àwọn àbùkù ẹ̀ rèé:

1. Ọrùn kán. Èmi di orí mú, àbúrò mi di ẹsẹ̀ mú, a ń fà á.
2. Ẹsẹ̀ òsì yọ ní ìbàdí.
3. Bírò wà lójú àti lára ẹ̀: dígí yí ojú méjèèjì ká, pélé mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́, orúkọ àbúrò mi, BUNMI, gàdàgbà lórí ikùn.
4. Irun ò ṣeé wò.
5. Kò ní aṣọ kankan, bàtà ẹ̀ sì ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Ti ẹsẹ̀ yẹn ní ìtàn. Lọ́jọ́ tí bèbí náà dé, ìyá màámi gbà á, wọ́n wo iwájú ẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èwo lẹ máa pọ̀n níbẹ̀? Abiyamọ rèé, ó ti lọ́mú." Ọmọlangidi tí wọ́n fi ṣeré nígbà tiwọn, igi pẹlẹbẹ ni, kò lẹ́sẹ̀ tó ń dí ni lọ́wọ́, ọ̀já gbà á dáadáa. Ẹsẹ̀ Barbie ní tiẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn ló ń lọ, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Kì í ya sí ẹ̀gbẹ́. A ò gbọ́. A fi agbára ya á, a fi gèlè màámi gbá a mọ́ ẹ̀yìn àbúrò mi, a gbọ́ "pọ́". Ẹ̀bà la fi lẹ ẹsẹ̀ náà padà. Nígbà tí mo fi iná fóònù yọjú sínú ihò ìbàdí ẹ̀ ní 2025, mo ṣì bá ẹ̀rún kékeré kan níbẹ̀, ó le bí òkúta, èèrà ti lu ihò sí i lára.

Ìpele 1: Fífọ̀

Omi lọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọṣọ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi kù nínú orí. Ẹ da ihò ọrùn dé ilẹ̀ kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Iyanrìn tó jáde nínú orí tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ṣíbí.

Ìpele 2: Ọrùn

Kókó kan wà lórí ọrùn Barbie tí orí máa ń há mọ́. Tiwa ti kán, kùkùté ló kù.

Ìgbà àkọ́kọ́, sùpá glúù ni mo fi lẹ orí mọ́ kùkùté yẹn tààrà. Ó mú lójú ẹsẹ̀, inú mi dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, orí ò ṣeé yí, gbogbo etí ọrùn sì ti funfun bíi pé wọ́n fi efun pa á. Èéfín glúù náà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo gbé e lórí nílẹ̀, ara kù sílẹ̀ sórí tábìlì.

Ìgbà kejì ló tó ṣiṣẹ́. Mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò sí àárín kùkùté náà, mo yí skúrù oní sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ wọlé títí ó fi ku ìdajì síta. Mo wá fi ìlẹ̀kẹ̀ ike tó fẹ̀ ní mìlímítà 12 bọ skúrù náà lórí, mo sì fi gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì, èyí tí wọ́n máa ń pò pọ̀, dè é mọ́bẹ̀. Mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ ìṣẹ́jú mẹ́rin sára páálí ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dé orí náà padà, ẹ rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan kó rọ̀, kí ẹ tó tì í wọ orí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ń yí sọ́tùn-ún sósì báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dé e o, irun ṣì ń bẹ níwájú.

Ìpele 3: Bírò

Ibí ni mo ti ṣe ohun tó dùn mí jù.

Mo ní asẹ́tóònù nílé, èyí tí a fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì. Mo kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn orí, rọ́bà yẹn ò ṣe nǹkan kan. Mo wá da díẹ̀ sí òwú, mo fi nu orúkọ tó wà lórí ikùn. Mo ti gbàgbé pé ike ni ikùn. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ò pé tí òwú bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn, bí ìgbà tí èèyàn tẹ gọ́ọ̀mù jíjẹ mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, BUNMI ti di ìkùukùu aró, dídán ara ẹ̀ ti lọ, ojú òwú sì tẹ̀ síbẹ̀ ketekete. Kò sí ohun tó tún un ṣe. Mo fi ìwé ìhan-igi tó kúnná jù lọ ha á díẹ̀, ó kàn tún ràn ni. Tó bá jẹ́ ike, asẹ́tóònù ò gbọdọ̀ kàn án rárá.

Ti ojú, mo lọ sí kẹ́míìsì, mo ra ìpara irorẹ́ tí wọ́n kọ benzoyl peroxide 10% sí lára. Òun ló ń pa bírò rẹ́ nínú rọ́bà. Ẹ máa fi kùn ún, ẹ fi náílọ́nù bò ó kó má gbẹ, ẹ gbé e sí oòrùn. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan.

Dígí yẹn ni mo fẹ́ pa rẹ́. Mo fẹ́ fi pélé sílẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí ìyá màámi ní pélé, mo sì rò nígbà yẹn pé àgbàlagbà tí ò nílà kò tíì pé. Mo fi fasilíìnì bo ọ̀dà ojú àti ètè ẹ̀, mo fi òwú ìro-etí kun ìpara náà yí dígí ká, mo fi náílọ́nù wé e, mo gbé e sórí ògiri bárańdà ní agogo méjìlá. Ọjọ́ kìíní, bírò ṣá díẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ọjọ́ kẹta, mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Mókọ́lá, mo ní màá padà ní agogo mẹ́ta. Ẹ mọ bí ìsọmọlórúkọ ṣe ń rí. Agogo mẹ́fà kọjá kí n tó wọlé.

Oòrùn oṣù Kejì ti yọ́ ìpara náà. Ó ti ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀. Dígí ti lọ pátápátá, ó mọ́ tónítóní. Pélé ọ̀tún náà ti bá a lọ, ojú ibẹ̀ sì funfun ju ìyókù lọ, ó tó ìwọ̀n àgbàdo kan. Pélé òsì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ ní 1992, ẹ̀kẹta tiẹ̀ ṣì wọ́.

Mo gbé bírò láti tún ọ̀tún kọ. Mo gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ti pé ogójì ọdún ò lè wọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìpele 4: Irun

Irun ẹ̀ pupa bí àgbàdo gbígbẹ nígbà tó dé, ó sì gùn dé ìdí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, a kàn ń yà á. Ọ̀sẹ̀ kejì, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú dúdú kó o. Nígbà tó yá, a ní ká dì í, àṣírí sì tú. Wọn ò gbin irun yí gbogbo orí Barbie ká. Etí iwájú àti ojú ibi tí wọ́n ti yà á ni ihò ti pọ̀. Àárín fọ́nká, nítorí irun tí wọ́n máa yà sẹ́yìn ni wọ́n rò sí i. Bí a ṣe dì í báyìí, pápá yọ káàkiri. Àbúrò mi ní irun ni kò nà tó. A gbé òòyà onírin tí màámi fi ń na irun sórí sítóòfù. Ìgbà kan ṣoṣo la fà á. Irun yẹn yọ́ bí ṣúgà, ó dì mọ́ òòyà, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé, màámi sì jáde wá láti yàrá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ tu gbogbo ẹ̀ kí n gbin òmíràn.

Títú: mo gé irun mọ́ orí, mo wá fi ẹ̀mú fa gbòǹgbò ẹ̀ jáde láti inú, gba ihò ọrùn. Òru méjì. Mo ń ka ihò náà, mo kà á dé 300, mo fi sílẹ̀.

Irun tuntun: mo kọ́kọ́ ra attachment nọ́mbà 613 kó lè jọ ti tẹ́lẹ̀. Kò jọ ọ́. Ó funfun jù, ó ń dán bíi koríko ìgbálẹ̀. Mo mú un lọ han onídìrí wa ní ìta. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, irun òyìnbó tó ti jóná lẹ́ẹ̀kan, òun náà lẹ tún fẹ́ fún un?" Mo gba 1B, èyí tó dúdú, lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń kó bèbí jọ máa bínú sí èyí, nítorí kò rí bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ mọ́. Kí wọ́n máa bínú. Christie, ọ̀rẹ́ Barbie tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ti jáde láti 1968, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n pe òun fúnra ẹ̀ ní Barbie sì jáde ní 1980, Kitty Black Perkins ló ya á. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé àdúgbò wa. Ọmọ mi ní Wuraola, ọ̀kan nínú àwọn bèbí aláwọ̀ dúdú Queens of Africa tí Taofick Okoya dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Èmi, Àǹtí Ṣadé ni mo ní, irun tí mo sì fẹ́ fún un láti 1991 ni mo fún un yìí.

Irinṣẹ́ ẹ̀: mo fi pínsà gé orí ojú abẹ́rẹ́ nlá, ó wá ní ìka méjì bíi fọ́ọ̀kì. Mo fi gọ́ọ̀mù ri ẹnu mímú ẹ̀ sínú gọ̀ǹgọ̀ bírò tó ti tán, kí n lè rí ibi dì mú. Ẹ gé irun ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ mú bí ogún fọ́nrán, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi fọ́ọ̀kì yẹn ti ibi tó ṣẹ́po wọ ihò, kó wọlé tó mìlímítà márùn-ún, kí ẹ sì fa abẹ́rẹ́ jáde pẹ̀lẹ́. Ẹ máa rì orí sínú omi gbígbóná látìgbà dé ìgbà. Mi ò kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́rin ló kán.

Kòlẹ́sẹ̀ ni mo ń lọ, nítorí náà mi ò tẹ̀ lé ihò ilé iṣẹ́. Mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà mẹ́sàn-án láti iwájú dé ìpàkọ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan gba ẹsẹ̀ ihò méjì, mo sì fi ojú ìyà sílẹ̀ láàárín wọn láì gbin nǹkan kan. Àwọn ihò àtijọ́ tó bọ́ sójú ìyà, mo fi gọ́ọ̀mù dí wọn láti inú.

Àṣìṣe méjì. Mo fi ihò tuntun sún mọ́ra jù lẹ́yìn etí ọ̀tún, mìlímítà kan-kan, rọ́bà wá ya láti ihò sí ihò bí ìgbà tí èèyàn ya tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Mo fi òwú ọ̀rá rán an, mo lẹ ìrépé aṣọ mọ́ ọn láti inú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi mìlímítà mẹ́ta sáàárín. Ìkejì: nígbà tí mo gbin ìdajì tán, ìwàǹwára ò jẹ́ kí n dúró, mo fi òòyà yà á. Ìlà méjì tẹ̀ lé òòyà jáde. Nǹkan tó ń dì wọ́n mú kò tíì sí nínú.

Nǹkan náà ni gọ́ọ̀mù funfun, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò. Nígbà tí mo gbin gbogbo ẹ̀ tán, mo da á sínú orí, mo ń yí i kó kan gbogbo ibẹ̀, mo da èyí tó kù jáde, mo fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe sùpá glúù. Ìyẹn máa sọ orí di igbá. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo wá dì í, mo sì rì ìdí irun náà sínú omi gbígbóná bí àwọn onídìrí ṣe ń ṣe fún wa. Ó dúró. Kò sí pápá níbì kankan.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìpele yìí nìkan gbà.

Ìpele 5: Ẹsẹ̀

Mo yọ ẹ̀bà. Mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò já òkè itan méjèèjì, mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń sin ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ gba inú ìbàdí kọjá láti itan kan sí èkejì, mo fà á le, mo ta á ní kókó mẹ́ta. Ó ń jókòó, ó ń dìde. Orúnkún òsì ti ya lẹ́yìn, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò tún gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

Ìpele 6: Aṣọ

Àyà ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13, ìbàdí 9, ìdí 12 àbọ̀. Mo gba àjákù àńkárá lọ́wọ́ télọ̀ mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ gé, òdòdó kan ṣoṣo gba gbogbo àyà dé ẹ̀yìn. Ó dà bí ẹni tó wọ kọ́tìnì. Ẹ wá èyí tí iṣẹ́ ara ẹ̀ ò ju èékánná lọ. Ìró: 17 ní gíga, 30 ní fífẹ̀, kò gba bọ́tìnì. Bùbá: 10 ní gíga, 20 láti ẹnu apá dé ẹnu apá, mo sì gé ọrùn ní 3. Orí ò wọ̀ ọ́. Mo la ẹ̀yìn ẹ̀ ní 4, mo fi húùkù kan dè é. Mo fi aṣọ òkè wé gèlè, ó dúró gbàgìdì bí ọkọ̀ ojú omi lórí ẹ̀, mo tú u. Ṣífọ́ọ̀nù 6 lórí 35 ló ṣe é wé.

Owó

Ìpara irorẹ́ ₦4,200. Asẹ́tóònù ₦800. Sùpá glúù ₦500. Gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì ₦1,800. Attachment 613 ₦3,500, 1B náà ₦3,500. Abẹ́rẹ́ ₦500. Gọ́ọ̀mù funfun ₦700. Ìlẹ̀kẹ̀ àti rọ́bà ₦600. Húùkù ₦200. Skúrù, inú dúrọ́ọ̀ ni mo ti rí i. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦16,300, ₦4,800 nínú ẹ̀ sì jẹ́ owó àṣìṣe: asẹ́tóònù, sùpá glúù àti 613.

Lọ́jọ́ tí mo parí ẹ̀, mo pe àbúrò mi lórí fídíò. Lọ́ńdọ̀nù lòun náà ń gbé báyìí. Mo gbé Àǹtí Ṣadé síwájú fóònù, ó pariwo, ó yin irun, ó bi mí pé èló ni wọ́n dì í. Ó wá dákẹ́ díẹ̀.

"Gbé bùbá ẹ̀ sókè."

Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e sókè, ẹ jẹ́ kí n rí ikùn ẹ̀."

Mo gbé e sókè. Mo ń ṣàlàyé asẹ́tóònù, ó ní kí n dákẹ́, kí n gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Mo gbé iná sí i. Ó ti tẹ bírò yẹn mọ́lẹ̀ gan-an nígbà yẹn, ó ti wọnú ike. Aró ti lọ, ṣùgbọ́n ojú ibi tó tẹ̀ kù síbẹ̀, M àti I, wọ́n hàn kedere.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Mo dá bùbá padà, mo fi húùkù dè é.